Ìtàn Orí Bébà Ìgéṣọ

"Kí ló dé tí o fi dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n béèrè, kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

Alábẹ́rẹ́ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bébà tí wọ́n gé sí àwòrán iwájú búláòsì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó tẹ́ ẹ sórí aṣọ, kó fi píìnì dè é, kó sì máa gé e lọ. Ṣùgbọ́n ìwé wà lára bébà náà, ìlà lórí ìlà, láti èjìká títí dé ìdí, ìwé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ sì ni. "Obìnrin náà di kọ́kọ́rọ́ mú, ó wo ojú fèrèsé bóyá ọkọ rẹ̀ ti..." ni ó kà, ibẹ̀ gan-an sì ni àlùmọ́gàjí gbà kọjá.

"Kò sí nǹkan, mà," ni ó wí.

Irọ́ ni. 

Kò sì sí ẹni tó lè bá wí àfi ara rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń kọ ìtàn náà. Aago kan ọ̀sán ni Ẹ̀gbọ́n, tó ni ṣọ́ọ̀bù, máa ń lọ sílé lọ na ẹ̀yìn, kì í sì í dé kí aago méjì tó lù. Tó bá ti yí kọ́nà báyìí, Alábẹ́rẹ́ á fa bébà ìgéṣọ kan yọ, bébà fífẹ̀ tí wọ́n fi ń ya ìwọ̀n aṣọ kí wọ́n tó gé e, á tẹ́ ẹ sórí tábìlì gígùn, á sì máa kọ̀wé. Bí oníbàárà bá yọjú lójijì, rúlà á ti wà lọ́wọ́ kan, pẹ́ńsùlù á wà lọ́wọ́ kejì. Ta ni yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìbàdí ìyàwó ẹnìkan ló ń yà? Tó bá parí, á ká bébà náà róbótó, á kì í sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú agolo ńlá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò gbé e lọ sílé rí. Nílé, àwọn ọmọ á fà á wò, ọkọ á sì bi í pé ta ló ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí. Ó fi ìtàn náà pamọ́ sínú iṣẹ́ dáadáa débi pé iṣẹ́ gbé e mì.

Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, wọn kì í fi bébà ṣòfò. Èyí tí wọ́n bá ti kọ nǹkan sí lójú kan, ojú kejì rẹ̀ ni wọ́n ń yà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí iléèwé wọlé, igba yunifọ́ọ̀mù ló wà nílẹ̀, bébà tuntun sì ti tán lánàá, Ọjọ́rú. Ẹ̀gbọ́n ki ọwọ́ bọ agolo, ó fa márùn-ún tó nípọn jù yọ, ó sì gé wọn. Ìtàn Alábẹ́rẹ́ ni márààrún.

"Àbí bébà yẹn ló ń yà ọ́ lẹ́nu?" Ẹ̀gbọ́n tún wí. "Ẹnìkan kọ nǹkan sí i lára o. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwọ̀n oníbàárà ni, àfi ìgbà tí mo rí obìnrin kan nínú rẹ̀ tó ń jí ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ wà. Mo dúró kà á. Èmi tí iṣẹ́ ń pa kú lọ! Ọkọ̀ ọ̀hún ń sáré lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, obìnrin yẹn ń fi ẹsẹ̀ wá bíréèkì, ni mo bá kan etí bébà." Ó pòṣé. "Ta ló ń kọ irú nǹkan báyẹn sórí bébà mi?"

Alábẹ́rẹ́ gbé bébà náà sórí tábìlì. "Èmi ni, mà."

Máṣíìnì dákẹ́.

Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ọdún tó kọjá ni Ẹ̀gbọ́n lé aránṣọ kan lọ nítorí fóònù tí kì í jẹ́ kó gbájú mọ́ iṣẹ́, obìnrin yẹn sì sunkún títí kò rí ẹni gbà á padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kejì tún wá ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́dọ̀ fi ìtàn náà lé Olùkọ́ lọ́wọ́. Olùkọ́ ni obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tó ń kó àwọn obìnrin tó fẹ́ máa kọ̀wé jọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Olóòtú kan ń ṣa ìtàn àwọn obìnrin jọ fún ìwé kan, àpò ìwé sì ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá sí nínú àpò, ó di ìgbà mìíràn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ìgbà mìíràn wà. Ìtàn kan ṣoṣo ni Alábẹ́rẹ́ ní láyé. Òní sì nìyí, Ọjọ́bọ̀, ìtàn náà sì ti di iwájú àti ẹ̀yìn búláòsì.

"Aago kan sí aago méjì ni mo fi ń kọ ọ́, mà. Mi ò fi wákàtí iṣẹ́ kankan..."

"Ṣé mo bi ọ́ ní ti aago ni?" Ẹ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ wà nínú yàrá yìí. Mo mọ ìgbà tí eyín bá ń ro ọ́. Mo mọ orúkọ àwọn tíṣà ọmọ rẹ. O wá ń kọ̀wé lẹ́yìn mi bí ẹni ń jalè?"

"Mo rò pé ẹ ó fi mí rẹ́rìn-ín ni."

"Mo ì bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín," Ẹ̀gbọ́n jẹ́wọ́. Ó nu awò náà sára aṣọ, ó tún un wọ̀. "Bíréèkì ọ̀hún ńkọ́? Ó rí i tẹ̀?"

"Ó rí i tẹ̀, mà."

"A dúpẹ́." Ó fẹ́ yíjú sí iṣẹ́, ó tún dúró. "Iwájú àti ẹ̀yìn nìkan ló wà níbí. Apá àti ọrùn ti wà lọ́dọ̀ Ìyá Bọ́tìnnì. Àgékù rẹ̀ ni mo dà sínú àpò ìdọ̀tí, àwọn kólẹ̀kólẹ̀ sì ti kó o láàárọ̀ yìí. Tó bá di aago kan, lọ wo ohun tó kù. Ṣùgbọ́n gbogbo bébà mi ni kí o dá padà o. Tí apá kan bá sọnù, ẹnu rẹ lo máa fi rán irinwó apá."

Ìyá Bọ́tìnnì ń gbé ní àdúgbò kejì. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ò jẹ́ kó lè wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, nítorí náà ilé ni wọ́n ń gbé ọrùn, apá àti bọ́tìnnì wá bá a. Ẹ̀bá fèrèsé ló jókòó sí nígbà tí Alábẹ́rẹ́ wọlé, agolo bọ́tìnnì wà lórí itan rẹ̀. Kò lọ iléèwé rí. Bébà ni bébà lójú tirẹ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún un tayọ̀tayọ̀.

Alábẹ́rẹ́ tò wọ́n sórí ibùsùn. Ojú ewé kẹta wà lára apá méjì, ó pé díẹ̀. Ìkẹrin náà wà, àfi ibi abíyá tí wọ́n gé kúrò. Ṣùgbọ́n ìkarùn-ún, níbi tí ìtàn parí sí, ọrùn aṣọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gé. Gbólóhùn mẹ́ta ló kù nínú odindi ojú ewé. Ó jókòó sétí ibùsùn, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ tó ń pa ọ́ lẹ́kún?" Ìyá Bọ́tìnnì béèrè.

"Ìtàn ni, mà. Èmi ni mo kọ ọ́."

"Kà á fún mi nígbà náà. Ọwọ́ mi nìkan ló níṣẹ́, etí mi ò ṣe nǹkan kan."

Alábẹ́rẹ́ nu imú. "Ẹ má bínú, mà, kò tíì dáa tó, mi ò..." Ó gbé ìyókù ọ̀rọ̀ náà mì. Olùkọ́ kì í gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyẹn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Olùkọ́ á gbọ́wọ́ sókè, á ní: "Ẹ yéé bá ìtàn tí a ò tíì gbọ́ tọrọ àforíjì. Kí ló ṣe?" Gbogbo yàrá á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ó kà á. Ibi tí wọ́n gé kúrò, ó fi orí sọ ọ́. Ìyàwó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta kan ni, tí ojú ọkọ rẹ̀ ń ṣú, tí ọkùnrin náà ò sì fẹ́ gbà. Ìrántí ló fi ń wa ọkọ̀. Ìyàwó ń bá a jókòó, ó ń sọ fún un pé "iná ti pọ́n o" bí ẹni tó kàn ń tàkúrọ̀sọ. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí kọ́kọ́rọ́, ó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ní kùtùkùtù lórí pápá ìṣeré kan, títí ó fi gba ìwé ìwakọ̀. Ó ya Alábẹ́rẹ́ lẹ́nu bí ìyá náà ṣe gbọ́ ọ. Ibi tí òun rò pé ó pani lẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ibi "iná ti pọ́n o," tí òun kọ láìrò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́.

"Àna mi ọkùnrin nìyẹn gẹ́lẹ́," ni ó wí, ó ń fa ìka mu. "Ó wá parí síbo?"

"Ìyókù ló wà lọ́dọ̀ àwọn kólẹ̀kólẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n mo rántí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rí ìwé ìwakọ̀ náà, inú bí i. Obìnrin náà wá kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un."

Ìyá Bọ́tìnnì fi eyín já òwú. 

"Ta ló ní kó dá a padà?"

"Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mà."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Mò ń bi ọ́ pé ta ló ní kí o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò fẹ́ káwọn èèyàn máa sọ pé..."

"Àwọn èèyàn wo?" Ìyá náà wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá. "Èmi nìkan ló wà níbí, mi ò sì sọ nǹkan kan. Ọkùnrin tí kò ríran, o tún gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́! Ṣé o fẹ́ pa àwọn méjèèjì ni?"

Alábẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹkún àti ẹ̀rín sì jọ ń jáde lẹ́ẹ̀kan. Òótọ́ ni. Kò nífẹ̀ẹ́ sí òpin yẹn rí. Láti ìgbà tó ti kọ ọ́ ni kò ti fẹ́ tẹ́ bébà karùn-ún yẹn sílẹ̀ kà, kò sì mọ ìdí rẹ̀ títí di òní. Àwọn kólẹ̀kólẹ̀ ti bá a kó o lọ. Kò banú jẹ́ mọ́, àfi pé ó di dandan kó kọ òmíràn, ọjọ́ sì ti lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ó ti da gbogbo ohun tó kù lára apá àti èjìká kọ sínú ìwé ọmọ iléèwé kan, ó sì dá bébà Ẹ̀gbọ́n padà ní pípé. Òpin nìkan ló kù. Ó fọkàn sí wákàtí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, Ẹ̀gbọ́n ò tíì dé kọ́nà tí obìnrin kan fi gbé síkẹ́ẹ̀tì wọlé pé síìpù rẹ̀ ò gòkè mọ́. Alábẹ́rẹ́ bá a tún un ṣe. Ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò tí ìdí rẹ̀ ti fún. Ó ní kì í ṣe pé òun sanra, aṣọ ló sún kì. Alábẹ́rẹ́ bá a wọn ìdí. Obìnrin tó ń tún irun ṣe ní òdìkejì òpópónà wá jókòó, kò mú aṣọ kankan lọ́wọ́, ó ní òun kàn fẹ́ sinmi. Ó sinmi fún ogún ìṣẹ́jú, ó sì sọ ti ìyá ọkọ rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Kò sí èyí tí Alábẹ́rẹ́ lè lé jáde nínú wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní Alábẹ́rẹ́ nítorí pé abẹ́rẹ́ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì ti béèrè, ó ti rí i gbà nìyẹn. Nígbà tí aago méjì lù, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ti fi kún ìwé rẹ̀: "Ọkọ rẹ̀ dìde."

Ó wo gbólóhùn náà bí ẹni wo àwo òfìfo. Ọ̀rọ̀ tí Olùkọ́ sọ nígbà kan wá sí i lọ́kàn. Nọ́ọ̀sì kan nínú wọn ló ti ń ráhùn pé òun ń wá àkókò, òun ò rí i. Olùkọ́ ní: "Kò sọnù, má wulẹ̀ wá a. Àwọn èèyàn ló jókòó lé e. Ní kí wọ́n dìde." Lọ́jọ́ yẹn, Alábẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín bíi ti àwọn yòókù. Lónìí inú ń bí i, ara rẹ̀ ló sì ń bínú sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó pe Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù. Ó ti rò ó pé kí òun ní ibà ń ṣe òun. Ibà rọrùn, kò sẹ́ni tí í bá ibà jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹ̀gbọ́n gbé e, ohun mìíràn ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mi ò ní lè wá lónìí. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ parí."

"Ìtàn kẹ̀? Pẹ̀lú igba yunifọ́ọ̀mù nílẹ̀?"

"Àádọ́rùn-ún ló kù, mà. Màá parí tèmi kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣú."

Ẹ̀gbọ́n pa fóònù. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ báyẹn. Síbẹ̀, Alábẹ́rẹ́ sọ ìwé àti bírò sínú báàgì, ó sì lọ jókòó sí ilé ìkàwé láti aago mẹ́sàn-án.

Ó kọ òpin kan, ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀, nítorí Olùkọ́ ní èyí tó burú ṣeé tún ṣe, èyí tí èèyàn ò kọ ni kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ó tún un ṣe. Nígbà tí aago kan kọjá, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ju ọkàn rẹ̀ lọ, ebi ń pa á, kò sì mọ̀. Kí aago mẹ́rin tó lù, ó ti da gbogbo rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún olóòtú, ọ̀kan fún ara rẹ̀. Ẹni tí àlùmọ́gàjí ti kọ́ lọ́gbọ́n ò ní ṣe méjì irú ẹ̀.

Obìnrin mọ́kànlá ló wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Alábẹ́rẹ́ dìde, kò tọrọ àforíjì, ó kà á. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n ní ojú ewé àkọ́kọ́. Nígbà tó dé "iná ti pọ́n o," wọ́n rẹ́rìn-ín, ara sì tù ú. Ó ka òpin náà díẹ̀díẹ̀:

"Ọkọ rẹ̀ dìde. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jáde lọ sídìí ọkọ̀. Ó dúró pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Ìyàwó tẹ̀lé e débẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà fi ọwọ́ tọ imú ọkọ̀, ó tọ̀ ọ́ yípo, títí ó fi dé òdìkejì. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó rẹ̀ lórí ọkọ̀. Ó wọlé, ó jókòó, ó de bẹ́líìtì mọ́ra. 'Ibo là ń lọ?' ni ó béèrè."

Nọ́ọ̀sì ń fi ìka nu ojú. Olùkọ́ na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó tì í sínú àpò ìwé tó ń lọ, ó sì lẹ ẹnu àpò náà pa.

"Òmíràn ńkọ́?" ni ó béèrè. "Ìgbà wo lo máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?"

Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, á ní òun ò ráyè. "Ọjọ́ Ajé, mà," ni Alábẹ́rẹ́ dáhùn. "Aago kan ọ̀sán." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé Ẹ̀gbọ́n, yunifọ́ọ̀mù àti gbogbo ohun tó ń dúró dè é lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé dé. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀." Káàárọ̀ náà gbẹ bíi búrẹ́dì ijẹta.

Alábẹ́rẹ́ jókòó, ó ránṣọ. Búláòsì méjìlá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀gbọ́n ò bá a sọ̀rọ̀, kò sì jọ pé ó máa lọ sílé lọ sinmi. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò jẹ́. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago kan lù, Alábẹ́rẹ́ dìde dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Sọ ọ́. Mi ò fi etí ránṣọ."

"Ẹ má bínú nípa ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo mọ̀ pé mo da iṣẹ́ lé yín lórí. Láti ọ̀la lọ, aago méje ni màá máa dé dípò aago mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n láti aago kan sí aago méjì, mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Bí mo tilẹ̀ jókòó síbí, mi ò sí."

Ẹ̀gbọ́n yọ píìnì tó wà lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé ò ń tọrọ ni, àbí ò ń sọ fún mi?"

"Mò ń sọ fún yín ni, mà."

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. "Hùn-ún," ni ó wí, ó sì kọjú sí máṣíìnì rẹ̀. Alábẹ́rẹ́ ò mọ ohun tí hùn-ún yẹn túmọ̀ sí. Ó jókòó sídìí tábìlì gígùn, ó ṣí ìwé rẹ̀ síta gbangba, kò mú rúlà, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Kò tíì kọ ojú ewé kan tán tí obìnrin tó ń tún irun ṣe fi wọlé, tó ń fi ọwọ́ fẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Alábẹ́rẹ́, wò mí, bọ́tìnnì aṣọ mi ti já, bá mi..."

"Kò sí," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Obìnrin náà wo Ẹ̀gbọ́n, ó wo Alábẹ́rẹ́ tó jókòó síwájú rẹ̀, kò jìn tó apá méjì. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń sọ? Ẹni tó jókòó yìí ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè. Ó wo àga náà dáadáa, látòkè dé ìsàlẹ̀.

"Mi ò rí ẹnì kankan," ni ó wí. "Aago méjì ló ń dé. Ẹ padà wá."

Alábẹ́rẹ́ ò gbórí sókè. Ó ti wà lójú ewé kejì.